Àwọn Ọmọdé Ajagun Ilẹ̀ Sàró

Bí ilẹ̀ bá mọ́, a mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ṣe: yóò kí bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò sì mú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀n. Ní ilẹ̀ Sàró, láti ọdún 1991 títí di 2002, ìbọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé kọ́ èjìká bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ilẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí ogun ti kó o ní Òṣogùn nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13. Ọmọ tí ogun kó láyé ìgbà náà, ẹrú ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Èyí tí ogun kó lẹ́yìn náà ní Sàró, jagunjagun ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1991 ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a ń pè ní RUF gba ilẹ̀ Làìbéríà wọ ẹkùn Kailahun. Foday Sankoh, ẹni tí ó ti ṣe kọ́pùrà nínú iṣẹ́ ológun rí, ni olórí wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba mẹ̀kúnnù sílẹ̀. Abúlé mẹ̀kúnnù gan-an ni wọ́n sì ń sun.

Bí wọ́n bá ká abúlé kan mọ́, wọn a ṣa àwọn ọmọ sọ́tọ̀ bí ẹni ṣa àgbàdo irúgbìn. Òmíràn nínú wọn ni wọ́n fi agbára mú pa ìbátan tàbí aládùúgbò rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìkà yìí kò ṣàdédé, ọgbọ́n burúkú ni. Ọmọ tí gbogbo abúlé rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un bí ó bá sá padà wá? Wọ́n tún ń fi abẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí àyà àwọn mìíràn. Yorùbá mọ ilà kíkọ: láyé àtijọ́, ilà ni a fi ń mọ ẹni tí ó bí ọmọ, kí ó má baà sọnù. Ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ̀nyí, kí ọmọ má baà lè délé ni wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí sójà tàbí ará abúlé tí ó bá rí i lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Kí ni wọ́n rí lára ọmọdé? Ọmọdé kì í béèrè owó oṣù, kò mọ ikú dáradára, a sì máa gbọ́ràn sí àgbà tí ó bá ń bọ́ ọ. Ìbọn AK-47 náà kò wúwo ju nǹkan bí kílò 4 lọ. Ọmọ ọdún 10 lè tú u, kí ó sì tò ó padà. Wọ́n kó àwọn kékeré jọ sí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Small Boys Unit. Wọ́n ń fún wọn ní igbó àti oògùn líle, wọ́n tilẹ̀ ń po ẹ̀tù ìbọn mọ́ ọn, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin ń ru ẹrù, wọ́n ń dáná, wọ́n sì ń di ìyàwó ọ̀gágun tipátipá. Kí a má purọ́, kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ nìkan ni ó jẹ̀bi: àwọn sójà ìjọba lo ọmọdé, àwọn ọdẹ Kamajor tí wọ́n fi ayẹta sára láti gbèjà ìlú wọn náà sì lò wọ́n.

Nígbà tí a kéde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2002 pé ogun ti parí, ọmọdé tí a ti gbà kúrò lójú ogun lé ní 6,800. Àwọn tí a kò kà pọ̀, àgàgà àwọn ọmọbìnrin, nítorí ẹni tí kò ní ìbọn láti fi lélẹ̀, wọ́n sábà ń kọjá lára rẹ̀ ni. Ní ibùdó tí a kó wọn sí, òmíràn kò lè sùn lóru. Òmíràn a máa jà nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ilé ni ẹ̀rù ń bà wọ́n jù. Síbẹ̀ àwọn òbí kan wà tí wọ́n gbàdúrà sínú omi, tí wọ́n fi pa ọmọ wọn lórí, láyà àti lẹ́sẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè tutù, kí ó sì tún jókòó ti oúnjẹ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn mìíràn délé, wọn kò bá ẹnì kan.

Ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí a dá sílẹ̀ fún ogun náà kò pe ọmọdé kankan lẹ́jọ́. Àwọn tí ó lò wọ́n ni ó pè. Sankoh kú ní àtìmọ́lé ní 2003 kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Charles Taylor, olórí Làìbéríà nígbà kan rí, tí ó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́, gba ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ní 2012.

Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà láti pa àpá àyà wọn rẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1991 ti lé ní 40 ọdún báyìí. Púpọ̀ nínú wọn ti bímọ, àwọn ọmọ náà sì ti tó ọjọ́ orí tí àwọn baba wọn wà nígbà tí a kó wọn.