Kílò Mélòó Ni Ọwọ́ Yín Lè Fún?

Nígbà tí ẹ̀rọ ìgéwèé ṣe ọwọ́ ọ̀tún mi léṣe nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò bóyá mo ṣì lágbára iṣẹ́. Wọ́n gbé irin kan fún mi pé kí n fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń fi iye kílò hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lósì. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo lè di bírò mú fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn! Síbẹ̀, ìwé àyẹ̀wò náà ni mo fi gba ẹ̀tọ́ mi.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, ta ló ń wọn ọwọ́ ẹnikẹ́ni? Ọ̀gá á ní, "Gbé ìdì bébà yẹn wò." Bí kò bá ṣeé gbé, ó di ilé nìyẹn. Òfin ìsanpadà òṣìṣẹ́ ọdún 2010 kò yọ ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, kódà ó ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san fún àjọ NSITF. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14.

Mo bi atẹ̀wé kan ní Ṣómólú bóyá ó ń san án. Ó ní òun rò pé ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni.