Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀ mí láago láti Kabba. Lọ́kọ́ja ni èmi ń gbé. "Ọ̀kún o, àbúrò mi," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti tì mí mọ́ ìta ṣọ́ọ̀bù ara mi." Mo rò pé onílé ni. Kì í ṣe onílé o.

Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń rán. Bí ẹbí kan bá fẹ́ ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó, òun ni í gba owó aṣọ ẹbí, tí í sì kọ ìwọ̀n ara oníkálukú sílẹ̀. Inú ìwé ńlá kan ni ó ń kọ ọ́ sí látijọ́. Ní ọdún kan, òrùlé jò, ìwé náà di ẹ̀kọ. Ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á kó gbogbo rẹ̀ sínú cloud." Ó ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ní ìkùukùu ni. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín: "Ṣebí inú ìkùukùu náà ni òjò tó ba ìwé mi jẹ́ ti wá!"

Ó pè mí, ó bi mí léèrè. Èmi oníwèé ìròyìn, ọ̀mọ̀ràn ìdílé, mo ní, "Ẹ ṣe é jàre, ayé ti lajú." N kò béèrè ohun kan ṣoṣo.

Ọdún méjì ni ó fi gbádùn rẹ̀. Ọmọ náà gba òmìnira, ó lọ sí Èkó. Nígbà tí òkú ńlá kan ku ọjọ́ mẹ́rin, fóònù ẹ̀gbọ́n mi já bọ́, ó fọ́. Ó ra òmíràn. Fóònù tuntun ní òun fẹ́ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan kí òun tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí láìnì tí ọmọ yẹn fi forúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pa láìnì ọ̀hún tì tipẹ́. Ọgọ́ta ènìyàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí sanwó. Ta ló san tán? Ta ló san ìdajì? A kò mọ̀. Àwọn tí kò san kọ́bọ̀ ló kọ́kọ́ búra. Ẹ̀gbọ́n mi rán gbogbo rẹ̀, ó gbé gbèsè náà mì.

N kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi tán. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí. Cloud kò sí lójú ọ̀run rárá. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, nínú ilé ẹlòmíràn, lókè òkun lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà abẹ́ òkun ni ó so wá pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì ọdún 2024, mélòó kan nínú wáyà wọ̀nyí já nítòsí Abidjan, ìdààmú sì bá íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkútóbà ọdún 2021, WhatsApp àti Facebook dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà ní gbogbo ayé. Owó ńkọ́? Dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júùnù ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Kí oṣù Fẹ́búárì ọdún 2024 tó parí, ó ti ré kọjá ₦1,500. Èyí tó rọrùn lánàá lè di ẹrù lọ́la. Bẹ́ẹ̀ orúkọ àti ìwọ̀n ara kò gba àyè púpọ̀; àwòrán àti fídíò ló ń gba àyè. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó aránṣọ.

Nísinsin yìí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi àti láìnì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láìnì ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ìkejì, bí tirẹ̀ bá sọnù. Ó kọ password sínú tákàdá, ó tì í mọ́ àpótí. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, ó ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìwọ tí o ń ka èyí, tí o ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, má ṣe kọ́kọ́ béèrè èyí tó dára jù. Béèrè pé: lórúkọ ta ni? Ṣé mo lè kó ẹrù mi jáde ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́? Lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Béèrè lónìí, kí òkú ẹnìkan tó ku ọjọ́ mẹ́rin.