Ojú Ìwé Kan Péré

Ní Àgbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ti fara ti ara wọn, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, CV akẹ́kọ̀ọ́ kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Bébà A4 ni, mìlímítà 210 ní ìbú, 297 ní gígùn, ó funfun báláú, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, òórùn tàdáwà sì ń rọra ti ara rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin tó ni ín, tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, tó wà ní 400 level, na ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè téńté, ó nípọn, ó dúdú kirikiri, kò sí ìlà lábẹ́ rẹ̀, kò sí òdòdó létí rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tẹ̀ lé e lórí ìlà kan ṣoṣo, wọ́n kéré, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Orúkọ àbísọ rẹ̀ àti ti ìdílé ló fi ṣí ímeèlì náà, kì í ṣe ìnagijẹ ilé ẹ̀kọ́ girama. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀, bóyá ó ti lọ́kọ tàbí kò tíì lọ́kọ, gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń tò síwájú kí wọ́n tó dórí iṣẹ́, kò ráyè wọbẹ̀.

Lẹ́tà Times New Roman ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ní 1932: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin lórí ìlà. Àlàfo funfun tó wà láàárín ìpín kan àti èkejì dà bíi poro láàárín ebè, ojú ń gba ibẹ̀ kọjá láìkọsẹ̀. Yunifásítì ló ṣáájú, ilé ẹ̀kọ́ girama tẹ̀ lé e, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí. Ọdún tí yóò gboyè ló kọ síwájú oyè náà, kò díbọ́n pé ó ti wà lọ́wọ́ òun.

Àárín ìwé náà ló dùn ún wò jù. Ibẹ̀ ni SIWES rẹ̀ wà, ètò tí àjọ ITF (Industrial Training Fund) dá sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́ kó tó jáde. Oṣù 6 ló lò ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe piọ́wọ́tà. Kò kọ ọ́ pé òun “ran ilé iṣẹ́ lọ́wọ́”. Àmì dúdú róbótó ló ṣíwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣe gan-an sì tẹ̀ lé e: ó ń bu omi láti inú táǹkì láàárọ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, ó ń ka àwọn àmì kòkòrò tínńtínní tó bá hù lójú àwo pẹlẹbẹ, ó ń kọ iye wọn sínú rẹ́gísítà, ó ń pe ọ̀gá nígbà tí iye náà bá kọjá ààlà. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rí i nínú ìbọ̀wọ́ funfun, tó tẹ̀ ba lórí àwo.

Lábẹ́ èyí ni ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní ọjà Bódìjà wà, ti ìrẹsì àti ẹ̀wà: àkọsílẹ̀ àpò tó wọlé àti èyí tó jáde, owó POS tó ń ṣírò ní alẹ́ Sátidé. Ìtìjú kò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́. Òun kọ ọ́, kò bù mọ́ ọn, kò yọ nínú rẹ̀, ó sì wù mí púpọ̀.

Ìsàlẹ̀ ìwé yára parí: Excel, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kan àti ọ̀gá ibi SIWES tí wọ́n gbà láti jẹ́rìí sí i.

Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ń tọ ìlà lẹ́yìn ìlà, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ó padà sókè, ó dúró, ó wo onítẹ̀wé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà kan ti fò nínú fóònù mi.”

“Kò sí wàhálà, àbúrò mi, a máa tún un ṣe.”

Bọ́tìnnì dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ̀rọ tún kùn yùn-ùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tẹ CV yín sórí bébà kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ìka ka nọ́ńbà fóònù yín. 11 ló gbọ́dọ̀ pé.