Orí Àkàbà Tàbí Inú Àgọ́?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mo rí ọ̀rọ̀ ibi tí ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò ba sí de àgbọ̀nrín onírù-funfun. Ẹni tí ó bá gun ìjókòó alákàbà tí a so mọ́ igi, èyí tí gíga rẹ̀ sábà máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, a máa rí ọ̀nà jíjìn, ojú ẹran kì í sì í tètè bá a; ṣùgbọ́n bí kò bá fi ìgbànú ààbò de ara rẹ̀ mọ́ igi láti ìgbà tí ó ti fẹsẹ̀ lé àkàbà, ikú lè pa ọdẹ kí ọdẹ tó pa ẹran.

Ní ti àgọ́ aláṣọ tí a pa sílẹ̀, ó ń gba òjò, ó ń bo ọmọdé tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó sì ń jẹ́ kí tafàtafà fa ọrun rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹran rí ìgúnpá rẹ̀. Kìkì pé ó yẹ kí a pa á síbẹ̀ ṣáájú kí ojú ẹran lè mọ́ ọn, kí a fi ẹ̀ka igi bò ó, kí a ti fèrèsé ẹ̀yìn, kí a sì wọ aṣọ dúdú nínú rẹ̀.

Níbi tí igi ńlá bá wà, àkàbà ni n óò mú; ní etí oko àgbàdo tí kò ní igi, àgọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òórùn rẹ̀ lọ bá àgbọ̀nrín, aṣọ́gbó aláìsùn tí ń fi imú ríran, òfo ni yóò gbé bọ̀ wálé, ìbáà wà lókè, ìbáà wà nílẹ̀.