Ẹ́ńjìnnì tí kò gbọ́ ti súìṣì

Ní ọdún 1994, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ́ńjìnnì Lister ogbó kan ni ó ń fún wa ní iná alẹ́. Ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe é. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin wúwo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń yí ní ìgbà 650 péré ní ìṣẹ́jú kan, tí a fi lè máa ka ìró rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bí agogo mẹ́wàá bá ti lù, bàbá tí ń tọ́jú rẹ̀ yóò wọ inú ilé ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìka ti ọ̀pá kékeré kan lára pọ́ǹpù epo, ohun gbogbo yóò sì rọra dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, páìpù tí ń gbé èéfín jáde, tí ó ti dípẹtà, ya nínú ilé náà. Kí a tó mọ̀, èéfín ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀kan nínú wa sáré lọ pa súìṣì ńlá tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjẹun. Òkùnkùn bo gbogbo ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń dún lọ bí ẹni pé kì í ṣe òun ni a ń bá wí.

Ẹnu yà wá, nítorí a kò tíì mọ ìyàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kò lè ṣe kí ó má ní iná púlọ́ọ̀gì. Bí a bá gé iná náà, ó kú. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ikùn rẹ̀ títí yóò fi gbóná janjan, tí epo bá sì kan afẹ́fẹ́ náà, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Àfi kí a gba epo lẹ́nu rẹ̀, tàbí kí a fi afẹ́fẹ́ dù ú. Ọ̀pá tí a fi ń gba epo yìí sì nìyẹn, nínú èéfín!

Bàbá náà fi aṣọ bo imú, ó wọlé, ó pa á. Nígbà tí ó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ṣubú sórí koríko, ó sì ń bì. Aṣọ kò lè sẹ́ májèlé inú èéfín, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà ni a pe mẹkáníìkì kan. Èmi, ọlọ́gbọ́n ọmọ, dá a lábàá pé kí ó so wáyà mọ́ ọ̀pá náà, kí a lè máa fà á láti ìta. Ó rẹ́rìn-ín. “Bí wáyà bá já ńkọ́?” Irin kékeré kan ni ó fi síbẹ̀, tí sípíríǹgì ń ti lọ sí ibi tí yóò ti gba epo dúró. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, tí ó gba inú ihò ògiri jáde tí a sì fi kọ́ ìṣó, ni ó ń fa irin náà sẹ́yìn. Bí a bá tú u, tàbí tí ó já, tàbí tí iná jó o, ẹ́ńjìnnì yóò kú.

Ó sọ fún wa pé ilé-iṣẹ́ Lister fúnra rẹ̀ ti ta irú kan rí tí ń jẹ́ Start-o-Matic. Bí onílé bá tan gílóòbù kan, bátìrì yóò mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Bí ó bá pa èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì yóò dúró. A kò ní irú rẹ̀. Wáyà bíréèkì ni tiwa.

Bàbá kò tètè gbà á gbọ́. Fún oṣù bíi mẹ́ta, bí ó bá ti tú wáyà lórí ìṣó tán, tí ìró náà ti dákẹ́, yóò ṣì yọ orí wo inú ilé náà.