Ọtí Ìlú Póòpù

Ọmọ adẹ́mu ni mí, nítorí náà n kì í fi ojú ọ̀mùtí lásán wo ọtí. Nígbà tí mo lọ sí àpérò kan ní Avignon, ní ilẹ̀ Faransé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀, Châteauneuf-du-Pape. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ‘Ilé Olódi Tuntun ti Póòpù’. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, nígbà tí Avignon jẹ́ ibùjókòó Póòpù, Póòpù John Kejìlélógún ni ó kọ́ ilé náà. Ogun 1944 fọ́ apá kan nínú ohun tí ó ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Ògiri díẹ̀ ni mo bá lórí òkè.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Òkúta roboto-roboto bo ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà náà débi pé mo ń wá erùpẹ̀ tì. Oòrùn a mú wọn gbóná lọ́sàn-án, ooru náà a sì wà lára wọn di òru. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso. Òfin kò fàyè gba ẹ̀rọ.

Òfin yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa kó wáìnì ìlú yìí lọ sí Burgundy láti fi ki wáìnì tí kò lágbára láyà. Àwọn ẹlòmíràn sì ń ta ayédèrú ní orúkọ rẹ̀. Ní 1923, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fìmọ̀ ṣọ̀kan lẹ́yìn Baron Pierre Le Roy, àgbẹ̀ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Wọ́n pa ààlà sí ibi tí lafẹ́ńdà àti táìmù ti lè jùmọ̀ hù. Wọ́n sọ irú àjàrà tí ó tọ́ àti bí ọtí náà yóò ti lágbára tó. Ní 1936, ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bàbá mi kò bu omi sí ẹmu rí. Alágbàtà kan ní ọjà ni ó ń bù ú, tí ó sì ń fi orúkọ bàbá mi ta àbùlà. Nígbà tí èébú àwọn oníbàárà pọ̀ jù, bàbá mi fi igbà kọ́ ara ògiri, wọn kò sì gun ọ̀pẹ mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé bí ayé ti rí nìyẹn.

Àgbẹ̀ arúgbó kan bu wáìnì díẹ̀ fún mi, ó sì na ìka láti ojú fèrèsé sí ọgbà tí ó ti wá. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti bu omi sí i rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé e lójú. Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín.