Ọjà Tí Olùtà Kò Jókòó Tì

Inú àpò ìwé ọmọ mi obìnrin ni mo ti rí ìwé náà, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kọkànlá. Ó ti ká a kéékèèké, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ ọ́ sí àwa òbí. Ní oṣù Kìíní, kíláàsì wọn yóò lọ sí orí òkè fún ọjọ́ márùn-ún láti kọ́ bí a ṣe ń fi síkì yọ̀ lórí òjò dídì. Wọ́n to ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú dání lẹ́sẹẹsẹ: ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àṣíborí, àti awò tí ń dáàbò bo ojú. Ẹni tí ó bá ní bàtà àti síkì tirẹ̀ lè mú wọn wá, kí òbí rẹ̀ má baà san owó ìyálò. Ọ̀túnla ni ó yẹ kí a dá ìwé náà padà.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi fi ìwé náà hàn wá. Ó wo ilẹ̀.

“Màmá, mo mọ iye tí ẹ̀ ń san fún ilé. Mo sì ti sọ fún olùkọ́ pé n kò fẹ́ràn òtútù.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ì bá jẹ́ pé ó purọ́ fún mi nítorí ìwà ìpáǹle, kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsàbà, wọ́n ní kí a wọ bàtà funfun wá fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Ìyá mi wá bàtà àlòkù kan rà fún mi ní ọjà Pobẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí orúkọ ọmọ mìíràn tí wọ́n fi yíǹkì kọ sí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀sín. Ní ọdún kejì, mo ní inú ń run mí, n kò sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ọmọ tí mo bá bí kò ní fi ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti bọ̀ rí.

Ìpinnu ọmọdé ni, ṣùgbọ́n mo gbé e láti Ìsàbà dé Lyon, mo sì pa á mọ́ fún ogún ọdún ó lé.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ̀rọ̀ náà fún obìnrin kan tí a jọ ń gbé àgbàlá kan náà, ẹni tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè Alps. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ tí ń dàgbà wọ bàtà síkì tuntun níbi tí wọ́n ti bí òun, nítorí pé kí òtútù ọdún kan tó dé òmíràn, ẹsẹ̀ ti tóbi ju bàtà lọ. Ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní *bourse aux skis*. Kí òjò dídì tó pọ̀ lórí òkè ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìlú kọ̀ọ̀kan ń ná an. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn tí wọ́n ní ohun títà a kó o wá. Wọn a kọ iye rẹ̀ sí ìwé pélébé kan, wọn a so ó mọ́ ọn, wọn a sì padà sílé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a tà á. Ní ọjọ́ Àìkú, olówó ọjà a wá gba owó rẹ̀, tàbí kí ó kó ohun tí a kò rà. Ẹgbẹ́ náà a yọ ìwọ̀n díẹ̀ nínú owó náà, lọ́pọ̀ ìgbà ìdá kan nínú mẹ́wàá, láti fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní eré.

Mo pe ìyá mi ní Ìsàbà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò bínú pé mo fẹ́ ra àlòkù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ bi mí.

“Ẹni tí ó ni ọjà kò jókòó tì í?”

“Rárá o, Màmá. Iye rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sí i.”

“Àwa ni a ni irú ọjà bẹ́ẹ̀,” ni ó wí.

Ó wá rán mi létí ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀ tí mo sì ti gbàgbé. Ní ayé àwọn àgbà, obìnrin tí ń lọ sí oko a gbé iṣu tàbí ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a sì to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó ẹyọ hàn. Ẹni tí ń kọjá lọ a ka òkúta, a ka owó sílẹ̀, a gbé ọjà rẹ̀. Bí olùtà bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, a bá owó rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bi ẹni tí ó rà á bóyá olówó ni tàbí òtòṣì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó rí ojú rẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó tú ìdè tí ó wà lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé ẹlòmíràn ti wọ bàtà yẹn ni ó dùn mí ní ọjọ́sí, bí kò ṣe pé wọ́n rí mi.

Nítorí náà, ọjà náà ni a fi ṣe òpó ìrìn àjò wa. Ìlú kékeré kan ní ẹ̀bá Grenoble ni a yàn, níbi tí ọjà wọn bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ bá wa lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó bá mi ṣírò owó: 250 yúrò fún ohun gbogbo, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 164,000 fáráǹkì CFA. Ará ilé wa kan tí ó wá láti Sakẹ́tẹ́, tí ń gbé ní Grenoble, gbà wá sílé, owó ibùsùn sì kúrò nínú rẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lyon ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì; ìrìn bí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Nínú ọkọ̀, mo gbé ìwé kékeré fún ọmọ mi, mo ní kí ó kọ gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń wọn bàtà síkì nìyẹn, kí ó kọ gíga rẹ̀, kí ó sì kọ bí ó ṣe wúwo tó. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé òun náà ni ó ń ra ọjà.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n to ọjà sí. Síkì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí igi ìkọ́lé; bàtà wà nílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ibẹ̀ fi sùúrù kọ́ wa. Kí a má ra bàtà tí ó tóbi pé ọmọ yóò dàgbà bá a, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ń mì nínú bàtà kò lè darí síkì. Kí a tẹ ike bàtà wò, nítorí pé ike tí ó ti gbó lè fọ́ nínú òtútù. Síkì ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọdọ̀ ga jù ú. Kí ó wà láàárín àgbọ̀n àti imú rẹ̀. Irin tí ó so bàtà mọ́ síkì gbọ́dọ̀ lọ sí ọwọ́ oníṣẹ́ kí a tó lò ó, kí ó lè tún un tò gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe wúwo tó, bí ó ṣe ga tó, ọjọ́ orí rẹ̀, gígùn bàtà rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀. Bí kò bá já kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣubú, egungun ni yóò dá. Àṣíborí nìkan ni wọ́n ní kí a ra ní tuntun, nítorí pé èyí tí ó ti fara gba ìkọlù lè ti sán nínú láìhàn lóde.

Bàtà jẹ́ 25 yúrò, síkì àti ọ̀pá rẹ̀ 45, ṣòkòtò 12, awò 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 88 yúrò. Ọwọ́ mi ń yún mí láti ná ọjà náà, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ ná an pẹ̀lú? Orúkọ ọmọkùnrin kan wà nínú bàtà náà. Mo rí i, àyà mi já. Ọmọ mi náà rí i. Ó kà á jáde, ó sì béèrè bóyá ọmọ náà mọ síkì dáadáa.

Ní ọjọ́ Àìkú, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chamrousse, tí ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Grenoble. Ibẹ̀ ni Jean-Claude Killy ti gba góòlù mẹ́ta nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ọdún 1968. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi wò yíká, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí, pé bóyá eré yìí kì í ṣe ti àwa. Mo sọ fún un pé ní ọdún 2014, Togo, aládùúgbò wa, rán obìnrin méjì lọ sí Sochi, Mathilde-Amivi Petitjean àti Alessia Afi Dipol, síkì ni àwọn méjèèjì sì fi díje. Mo sọ fún un nípa Seun Adigun, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ó fi pátákó kan ọkọ̀ ìyọ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ìdánrawò ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2018 wọ́n sì ṣojú fún Nàìjíríà ní Pyeongchang. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ “Adigun”.

Òjò dídì kò tíì pọ̀. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé ni a dúró sí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ń fi ọwọ́ kó òjò dídì sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ rin inú amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò mọ bí ó ṣe rí: ilẹ̀ a máa yọ̀, a sì máa di ẹsẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá nàró gan-an yóò ṣubú. Ìyá mi kọ́ wa pé kí a tẹ orúnkún, kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a má sì wo ẹsẹ̀ wa. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi nìyẹn, nítorí pé n kò mọ òmíràn. Ó ṣubú ní ìgbà mẹ́fà. Ní ìgbà keje, ó yọ̀ bí ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó dúró fúnra rẹ̀, ó sì yí ojú padà láti mọ̀ bóyá mo rí i.

Ó bá kíláàsì rẹ̀ lọ ní oṣù Kìíní.

Nígbà tí oṣù Kejìlá mìíràn fi dé, bàtà náà ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. A tún padà sí ọjà yẹn, ní ọjọ́ Ẹtì lọ́tẹ̀ yìí, kí a lè tà kí a tó rà. Wọ́n fún un ní ìwé pélébé. Mo ní kí ó kọ 20 yúrò, nítorí pé bàtà náà ṣì dára. Ó kọ 15.

Mo ní, “O kò jẹ́ kí ẹni tí yóò rà á ná an kí o tó dín in kù?”

Ó dáhùn pé, “Màmá, kò ní rí mi níbẹ̀ láti bá mi ná an.”

Ó so ìwé náà mọ́ bàtà, ó sì gbé e sí ìlà.